Àwọn Ajá Nọ́ọ̀sì Ṣèyílọ́lá

Ọláníyan ò lálàá mọ́ látìgbà tó ti kó dé ẹsítéètì kan ní Igbó Ẹfọ̀n, torí kì í sùn pẹ́ débi tí yóò lá a. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí kó lè bọ́ sójú títì ṣáájú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, àwọn ajá ilé kejì kì í sì í jẹ́ kó fojú kan oorun kí aago mẹ́rin tó lù.

Ajá méjì ni, Kókó àti Jagun. Ṣèyílọ́lá ló ni wọ́n, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Oniru. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ń ti géètì, tó ń wọ ọkọ̀ tó fi fóònù pè, ó sì di aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kó tó padà. Ilé á ṣófo, àwọn ajá á wà ní àwọn nìkan, wọ́n á sì máa gbó. Àdáwà ajá ò yàtọ̀ sí ti èèyàn, àmọ́ èèyàn kì í fi tiẹ̀ dí gbogbo àdúgbò lọ́wọ́.

Nígbà àkọ́kọ́ tí Ọláníyan lọ bá a nípa rẹ̀, nínú oṣù kìíní, ńṣe ni nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. Ó ní kó má bínú, òun ń wá ẹni tí yóò máa sùn ti àwọn ajá náà. Látìgbà tí ọkọ òun ti kú, àwọn nìkan ló kù tí òun ń bá sọ̀rọ̀ nínú ilé. Inú fìlà ni ọkọ òun gbé Jagun sí wálé láti Eleko nígbà tó ṣì kéré. Ó ní òun tilẹ̀ gba ohùn àwọn méjèèjì sórí fóònù, tí òun ń gbọ́ ọ níbi iṣẹ́ tí àárò wọn bá ń sọ òun. Ọláníyan ní ó ti yé òun. Kò yé e. Oorun ló wá bẹ̀bẹ̀ fún, kì í ṣe ìtàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kejì, Ọláníyan ra súyà wálé, òun tí kì í jẹ súyà. Ìyàwó rẹ̀, Ọlákẹ́mi, nawọ́ sí i, ọkọ rẹ̀ sì gbá ọwọ́ náà dànù. Nígbà tó yá, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lọ́wọ́ òfìfo, ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Alẹ́ mẹ́rin gbáko ni ilé kejì fi dákẹ́. Ọláníyan sùn, ara tù ú, ó tilẹ̀ ń kọrin ní balùwẹ̀. Ní alẹ́ karùn-ún, aago mẹ́sàn-án lù, ajá bẹ̀rẹ̀.

Inú bí i gidigidi. Ó lọ sọ́jà Ajah lọ bá Tájù, ọkùnrin tó ń ta oògùn eku, ó ní ayédèrú ló tà fún òun. Tájù fi Kùránì búra pé eku tó bá fi imú lásán kàn án kò ní padà délé. Ọláníyan ra ìlọ́po méjì. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbó jù. Ó rà á lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ṣì ń gbó. Ó wá rò ó pé nọ́ọ̀sì ṣáà ni obìnrin yìí, kò ní ṣàì máa fún wọn ní abẹ́rẹ́ kan.

Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ nìkan ló ń rí ìsinmi. Bí iná bá ti lọ, àwọn ajá á dákẹ́. Bó bá dé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹsítéètì ló sì mọ ìdí rẹ̀: iná sẹkúrítì ara ògiri ló ń fa òjìji, òjìji yẹn ni wọ́n ń gbó mọ́. Ọláníyan nìkan lèèyàn tó ń gbàdúrà ní gbogbo Lẹ́kí pé kí wọ́n mú iná lọ.

Nọ́ọ̀sì ò kúnlẹ̀ fún un mọ́. Bí wọ́n bá pàdé láàárọ̀ Sátidé, á wò ó lójú kòrókòró, á bi í bóyá ó sùn dáadáa. Ìbéèrè yẹn ń dun Ọláníyan ju gbígbó ajá lọ.

Nínú oṣù karùn-ún, ẹjọ́ náà dé ìpàdé ẹsítéètì. Ọláníyan ti gba ariwo náà sórí fóònù, ó sì gbé e sétí gbogbo wọn. Nọ́ọ̀sì tẹ́tí sí i dópin, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ohùn Jagun ni ti àkọ́kọ́ yẹn. Àlàájì Sànúsí, alága wọn, fún un ní ọjọ́ méje kó fi kó àwọn ajá náà lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn á mú ẹni tí yóò kó wọn wá.

Nọ́ọ̀sì dìde.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ì báà ṣe ọjọ́ méje, ì báà ṣe ọdún méje, àwọn ajá mi ò ní kúrò nínú ọgbà yẹn. Wọn ò sì ní dákẹ́. Ẹni tí kò bá rí oorun sùn, kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó fà á."

Wọ́n ní àfojúdi ni. Inú Ọláníyan dùn, torí nọ́ọ̀sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Ọjọ́ keje pé. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Àlàájì Sànúsí àti Ọláníyan dúró sẹ́nu géètì nọ́ọ̀sì pẹ̀lú Ishaq, tó ń kó ajá ìgboro ní Ajah, àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò tíì kanlẹ̀kùn tí nọ́ọ̀sì fi ṣí i, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ funfun rẹ̀. Ajá kankan ò gbó. Ishaq rọra sọ fún wọn pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ajá tó bá ti gbóòórùn àwọ̀n á wá ibi sá pamọ́ sí.

Nọ́ọ̀sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún wọn.

"Ẹ wọlé. Ọ̀gá Ọláníyan, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣíwájú. Ẹ ṣáà mọ ibi tí wọ́n ti ń jẹun."

Lẹ́bàá ògiri tó pààlà ilé méjèèjì, níbi tí súyà máa ń já bọ́ sí, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ méjì ló wà tí koríko oṣù mẹ́ta ti bò, fìlà ọkùnrin kan wà lórí ọ̀kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan sì wà láàárín wọn, ó dojú kọ yàrá Ọláníyan, wáyà rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé lọ síbi iná.