Ìràwọ̀ Àyà Kìnìún

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Olójú Àwòdì máa fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé ẹ máa sọ ọ́ lónìí?" ìyàwó ọ̀gá bi í.

"Mo máa sọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ wí lọ́dún tó kọjá. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún..."

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni."

"Ẹ kú ìṣirò o."

Ilé iṣẹ́ awòràwọ̀ ni ọ̀gá ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ńlá kan ń ya àwòrán ojú ọ̀run sórí gíláàsì. Bílẹ̀ bá mọ́, àwọn obìnrin mẹ́rin á jókòó tì í, wọ́n á máa ka ìràwọ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi gègé kọ nọ́ńbà sẹ́yìn gíláàsì. Òdì ni gbogbo nǹkan lórí gíláàsì: ojú ọ̀run á mọ́ kedere, ìràwọ̀ á dúdú. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n sọ ní Olójú Àwòdì torí ojú rẹ̀ tó mú, ló ń bójú tó Kìnìún, ìyẹn àwọn ìràwọ̀ tó tò bíi kìnìún tó dùbúlẹ̀. Ó mọ gọ̀gọ̀ rẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé, ó mọ ìràwọ̀ ńlá tó wà níbi ọkàn àti èyí tó wà ní ìrù, ó sì mọ ìdìpọ̀ ìràwọ̀ mẹ́ta tó jìnnà réré lábẹ́ itan, tí ojú lásán ò lè rí. Èèyàn ò lè tàn án jẹ níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ọmọ rẹ̀ ṣubú nílé ìwé. Ó sáré jáde láìmú báàgì. Ọ̀gá kọjá nídìí tábìlì rẹ̀, ó rí gíláàsì kan tó yọ sọ́tọ̀ lẹ́bàá abọ́ omi àti àkísà. Láyà Kìnìún, níbi tí nǹkan kan ò sí rí, ìràwọ̀ kan wà, ó dúdú dáadáa. Ọ̀gá gbà pé ìràwọ̀ tuntun ló rí tó fi yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ó gbé e, ó tẹ àwòrán rẹ̀, ó dá a padà síbi tó ti bá a. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti kọ̀wé síbi gbogbo pé òun rí ìràwọ̀ tuntun. Ìràwọ̀ náà ò yọ mọ́. Irú wọn a máa tàn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kú. Wọ́n fi orúkọ ọ̀gá pè é, wọ́n sì fi í jẹ olórí ilé iṣẹ́.

Olójú Àwòdì ò jà, kò sì ráhùn. "Ẹ kú oríire, ọ̀gá," ló wí, ó padà sídìí iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan gíláàsì yẹn mọ́. Tó bá rí obìnrin náà lọ́ọ̀ọ́kán, ó máa ń ya bàrà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Nígbà tí wọ́n wá kóra jọ lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ láti dágbére fún un, ọ̀gá dìde. Ó ká ìwé ọ̀rọ̀ ìyìn tó mú wá sápò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, olè ni mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yìí náà lẹ́fẹ̀ jù!

"Ìràwọ̀ tí ẹ fi orúkọ mi pè, èmi kọ́ ni mo rí i. Ìyá yìí ni. Mo jí i lórí tábìlì wọn lọ́jọ́ tọ́mọ wọn ṣubú. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì bò mí láṣìírí láti ọjọ́ yìí wá."

Ọ̀gá fa aṣọ ìnujú yọ, ó nu òógùn ìtìjú. Ikú yá ju ẹ̀sín lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ẹnì kan pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì dìde. Akọ̀wé ní òun máa kọ lẹ́tà lọ́sàn-án yẹn gan-an kí orúkọ ìràwọ̀ náà lè yí padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, àyà ọ̀gá fúyẹ́. Ó lọ tẹríba níwájú obìnrin náà.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí."

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó fà á lápá sún mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ara gíláàsì míràn ni mo rò pé ẹ ti rí tiyín o, torí tàdáwà ló kán lẹ́nu gègé mi sórí èyí tó wà lórí tábìlì mi nígbà tí wọ́n ní ọmọ mi ṣubú, mo sì ti fi omi fọ̀ ọ́ kúrò láàárọ̀ ọjọ́ kejì."