Erùpẹ̀ Ìkómọjáde

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ tí mo bímọ sí ibùdó àwọn orílẹ̀-èdè lórí òṣùpá, Màmá mi pè mí láti Ìlá.

"Àwẹ̀ró, n kò ní sọ ọmọ lórúkọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀ o."

Òfin sì ni pé òṣùpá kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ogójì orílẹ̀-èdè ló fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó yá wa ní erùpẹ̀ rẹ̀, ṣíbí kan péré, bí iyọ̀ ọbẹ̀!

Ọ̀gbẹ́ni Morita, ará Japan tó ń ṣọ́ erùpẹ̀, wọ̀n ọ́n sínú abọ́. Mo gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé e. Màmá mi pè é ní Ìbíyẹmí.

Nígbà tí Morita tún erùpẹ̀ náà wọ̀n, ó dín.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n lè dá a padà."

Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tó ti sùn lọ.

"Ẹ má jí i."

Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Èyí tó dín kò kúrò lórí òṣùpá."

Màmá mi ṣì wà lórí fóònù.

"Ìbíyẹmí," ó ní, "ilé rẹ nìyẹn o. Tó o bá wá sí Ìlá, àlejò mi ni ọ́."