Ìka Lára Ife

"Àlàájì, ẹnì kan ti jí nínú íńkì wa." Olùkọ́ yunifásítì tó wá láti Akọka gbé ayédèrú káàdì báǹkì kan, tó wà nínú ọ̀rá, lé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Àlàájì. "Òun ló wà lára èyí."

Atẹ̀wé náà tẹjú mọ́ ọn. Ní gbogbo Ṣómólú, òun nìkan ni wọ́n fọkàn tán tó láti fi ìgò íńkì náà, tí wọ́n fi ń ṣe àmì àṣírí sára káàdì báǹkì, sí ìkáwọ́ rẹ̀. Kò tíì ṣí i rí.

"Dókítà, abẹ́ ìrọ̀rí mi ni kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ máa ń wà."

"Lẹ́búlẹ́bú inú íńkì yẹn kéré ju ohun tí ojú lè rí. Ọṣẹ kì í tètè bó o, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ràn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àmọ́ tọ́ọ̀ṣì àkànṣe mi máa ń mú kó tàn, á fi olè hàn." Ó tọwọ́ bọ báàgì.

Shakirat, ìyàwó atẹ̀wé, ló ń gbé omi bọ̀ fún àlejò. Bó ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ kan mọ́ ìró rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ wò ó lójú. Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo tirẹ̀, ó dì í mú pẹ́ kó tó gba ife náà, kó sì gbé e síwájú àlejò.

"Máa lọ sílé," ló sọ fún un wẹ́lẹ́.

Olùkọ́ náà ti ilẹ̀kùn, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Àtẹ́lẹwọ́ atẹ̀wé ń tàn bí ìdí tanátaná.

"Ẹ̀yin, Àlàájì?"

"Èmi ni. Iṣẹ́ èṣù ni."

Olùkọ́ náà gbé iná tọ́ọ̀ṣì lọ sára ife omi. Ìka tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, ti obìnrin, ń tàn lára rẹ̀.