Ìjẹ́wọ́ ní Oko Igi Kérésì

Láti ìgbà tí wọ́n ti lé Akínṣípẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé nítorí kíláàsì tó jóná, ló ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ládépò, sínú.

Lónìí, Ládépò kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá gé igi Kérésì ní oko Akínṣípẹ̀. Bí òfin oko náà ṣe wí, ayùn oníná ibẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ àfi kí ẹni tó dì í mú kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan fún igi.

Ládépò di ayùn mú. "Igi, mo máa ń purọ́ fún ìyàwó mi."

Iná ayùn tàn. Akínṣípẹ̀ rọra tẹ bọ́tìnnì inú àpò rẹ̀, iná ayùn náà sì kú.

"Bọ̀dá mi, ìyẹn ò tó o! Àbí kí àwọn ọmọ yìí darí sílé lọ́wọ́ òfo?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́kún. Òógùn bo Ládépò.

"Èmi ni mo dáná sun kíláàsì yẹn, mo sì parọ́ rẹ̀ mọ́ àbúrò mi."