Àìsàn Tí Kò Lẹ́sẹ̀

Bernice ló bẹ Ṣemílọ́rẹ pé kó wá sọ ìtàn fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Ṣemílọ́rẹ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko, ìtàn ló sì fi ń kọ́ àwọn tó ń sin adìẹ nípa àìsàn tó ń ràn, torí ẹni tó bá ń gbọ́ ìtàn kì í sùn.

"Adérónkẹ́ ni mo fẹ́ kí o fi bá wí," ni Bernice sọ. "Má dárúkọ rẹ̀. Yóò mọ ara rẹ̀."

Bashiru, ọkọ Adérónkẹ́, kú lọ́dún tó kọjá. Ó fi adìẹ mẹ́fà sílẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé wọn ní Thamesmead, nílùú London. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin ti kú. Ọjọ́ díẹ̀ kí èkíní tó kú ni Bernice ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀ láràárọ̀, tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ bàbá òyìnbó tó ń tọ́jú. Á kí Adérónkẹ́ kú àdánù ọkọ rẹ̀, á wọ inú ilé adìẹ tààrà, á dúró lórí koríko gbígbẹ wọn, á yínmú. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ló máa ń ròyìn fún ẹni tó bá pàdé: omi dídọ̀tí, ìyẹ́ káàkiri, opó tí kò mọ ilẹ̀ gbá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá bẹ́ísìn kan lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, omi oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn wà nínú rẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti bàtà yín bọ̀ ọ́," ni Adérónkẹ́ wí. "Ṣemílọ́rẹ ló ní kí n gbé e síbẹ̀. Wọ́n ṣì ń ṣe test àwọn tó kú. Tí méjì yìí bá tún lọ, kò sí ohun abẹ̀mí tí Bashiru fi sílẹ̀ fún mi mọ́."

"Èmi tí mo wá bá ọ kẹ́dùn? Ilé tìrẹ ló dọ̀tí, bàtà tèmi lo fẹ́ fọ̀."

Bernice gbé ẹsẹ̀ kọjá bẹ́ísìn náà. Adérónkẹ́ kò lè dí àgbàlagbà lọ́nà.

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn ìpàdé ẹgbẹ́ náà kún. Iwájú ni Bernice jókòó sí, báàgì rẹ̀ wà lórí itan. Levi, tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà, yọjú wo inú rẹ̀.

"Mummy, búrẹ́dì yìí pọ̀ o. Ṣé ẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Àjẹkù bàbá tí mò ń tọ́jú ni. Mo mọ ẹnu tó ń dúró dè é."

Ṣemílọ́rẹ dìde.

"Àìsàn kan wà," ó ní, "tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò sì ní ìyẹ́ tó lè fi fò. Ó jókòó sétí odò, ó ń gbọ́ bí adìẹ ṣe ń ké ní abúlé òdìkejì. Ó bẹ ajá kó gbé òun. Ajá sá lọ. Ó bẹ atẹ́gùn. Atẹ́gùn ní òun ò gba ibẹ̀. Ló bá rí ọkọ̀ kan tó ń kọjá lójoojúmọ́, tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Woolwich Ferry," ni ẹnìkan sọ lẹ́yìn, ó pe orúkọ ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tó ń gbé wọn sọdá odò Thames. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Bernice ló ròkè jù.

"Ó wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ kò mọ̀ pé òun gbé èrò. Kò pẹ́, adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kí ni ọkọ̀ náà?"

"Ìdọ̀tí," ni Bernice dáhùn. "Ìdọ̀tí ẹni tó ń sìn wọ́n." Ó yí ọrùn wo Adérónkẹ́ níkọ̀rọ̀. Adérónkẹ́ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mummy, kí kálukú máa rò ó bó ṣe ń rìn lọ sílé," ni Ṣemílọ́rẹ wí, ó sì jókòó.

Lẹ́nu ọ̀nà, Bernice fọwọ́ kan Levi. "Ṣé o rí bó ṣe dorí kodò? Ìtàn yẹn bá a mu gan-an."

"Ṣé ó yé e, Mummy?"

"Tí òmíràn bá kú, yóò yé e."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n pè é lórí fóònù pé ìkarùn-ún ti kú. Bernice wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé báàgì.

Ó gba etí adágún Southmere bó ti máa ń ṣe láràárọ̀, ó wọ àárín àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó ń sáré bọ̀ wá bá a, ó fọ́n búrẹ́dì fún wọn lórí ìgbẹ́ wọn tó bo koríko, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá mẹ́ta tó ti kú sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, ó sì kọrí sí ilé Adérónkẹ́, níbi tó ti ku adìẹ kan ṣoṣo.