Ohùn Ìyá Wúràọlá

Ilẹ̀ mọ́, Ìyá Wúràọlá fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn kò jáde. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn rẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ó ń fi kọ́ ọrùn ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Inú yàrá títìpa kan nínú kọ̀ǹpútà náà ni èrò rẹ̀ ti ń di ohùn, àwọn tó ṣe é pàápàá kò lè yọjú wò ó. Àmọ́ wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà sí tuntun, kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ètò tó ń darí rẹ̀, kò sì tíì mọ àgádágodo tuntun tó ti yàrá náà pa.

Wúràọlá, ọmọ rẹ̀, pe ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà.

"Áńtí, ẹ jẹ́ ká yọ àgádágodo náà," ni ọkùnrin tó gbé ìpè náà wí. "Ohùn á jáde lójú ẹsẹ̀."

"Kí gbogbo yín lè máa gbọ́ ohun tí ìyá mi ń sọ?"

Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá náà mirí, ó kọ̀ jálẹ̀.

"Màámi, ẹ fẹ́ pa mí ni!"

Iṣẹ́ kánẹ́ẹ̀lì ni Wúràọlá ń ṣe jẹun, ṣùgbọ́n ìsinmi ló wá ṣe nílé. Ó rojú jókòó, ó ń kọ ohun tí kánẹ́ẹ̀lì yóò fi dá àgádágodo náà mọ̀. Kọ̀ǹpútà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó pòṣé, ó tún un kọ. Bàbá rẹ̀ jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú.

Nírọ̀lẹ́, ohùn dún.

"O ṣé, ọmọ mi. Ó yá, bọ́ síta. Mo fẹ́ bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀."