Ajíǹde àti Kọ̀ǹpútà Tí Kò Tàn

Ọkùnrin kan wà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n tí kò mọ bí a ti ń bá ẹlòmíràn yọ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ó ń ṣe. Ajíǹde ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí pé kọ̀ǹpútà tí ó bá kú fin-ín fin-ín lọ́wọ́ ẹlòmíràn, lọ́wọ́ tirẹ̀ ni yóò ti jí. Ìlara nìkan ni àléébù rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan ṣoṣo tó láti ba odidi ìkòkò ọbẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá, ni ó ni ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ajíǹde ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀ kí ọmọbìnrin kan tó wá kọ́ṣẹ́, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Kékeré, nítorí pé orí àpótí ni ó máa ń gùn kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó pẹpẹ òkè. Ajíǹde fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí ọmọ náà kò mọ nǹkan kan, Ajíǹde fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà tí ó mọ̀ ọ́n tán ni ọ̀rọ̀ di wàhálà.

Bí Ọ̀gá bá yin Kékeré, ara á máa ta Ajíǹde bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ. Ọjọ́ tí Ọ̀gá gbé àtùpà tí wọ́n fi ń wo wáyà tín-ín-rín sórí tábìlì ọmọ náà, Ajíǹde kò fẹnu kan oúnjẹ ọ̀sán. Bí Kékeré bá ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́, Ajíǹde á ní òun ni ó ń fi kọrin. Nígbà tí Ọ̀gá wá sọ pé òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì, pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni òun á fi ṣe olórí ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n lójú Ajíǹde, ojú ọ̀run kò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ àgbà iléèwé gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọlé. Kò tàn rárá.

“Ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó,” ni ó wí. “Èsì ìdánwò àwọn ọmọ tó ń jáde lọ́dún yìí ló wà nínú rẹ̀. Aago mẹ́ta òní ni mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọdún kan gbáko ti bọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́.”

“Kékeré, gbà á,” ni Ọ̀gá wí, ó sì padà sínú yàrá rẹ̀.

Ojú Ajíǹde korò bí ewúro.

Kékeré kò kánjú. Ó fi ṣájà mìíràn dán an wò. Ó yọ bátìrì, ó tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ pẹ́ títí kí iná tó há sínú rẹ̀ lè jáde. Síbẹ̀ kò mí. Nígbà tí ó wo inú rẹ̀ dáadáa, ó rí i pé ihò tí ṣájà ń wọ̀ ti ṣí kúrò ní ìdí rẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ padà, ó tẹ bọ́tìnì, kọ̀ǹpútà náà sì tàn wáá. Ó pa á, ó sáré jáde lọ pe olùkọ́ àgbà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta.

Ajíǹde nìkan ni ó kù níbẹ̀. Ìlara bá a sọ̀rọ̀ pé, “Bí èyí bá tàn lójú gbogbo wọn, tìẹ ti tán.” Wọn kò tíì de ìdérí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà. Ó yọ mẹ́mórì rẹ̀, pátákó pẹlẹbẹ kan tí kò gùn ju ìka lọ, tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ó fi áńkáṣíìfù wé e, ó sọ ọ́ sápò, ó sì gbé ìdérí lé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà padà. Ète rẹ̀ ni pé bí Kékeré bá kùnà, òun á gbà á, òun á dá mẹ́mórì padà ní kọ̀rọ̀, ìyìn á sì di tòun.

Ọ̀gá jáde, olùkọ́ àgbà wọlé. Kékeré tẹ bọ́tìnì. Fáànù inú rẹ̀ yí, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ó sì ń ké píì, píì, píì.

“Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn báyìí ni, Ọ̀gá!” ni Kékeré wí.

Ajíǹde rẹ́rìn-ín músẹ́. “Iṣẹ́ yìí kì í ṣeré ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sínú yàrá, Ọ̀gá. Mo máa jí i.”

Olùkọ́ àgbà wo aago. Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké,” ni Kékeré wí. “Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé bó bá ké báyìí, mẹ́mórì ni kí n wò.”

Ó ṣí ìdérí lójú gbogbo wọn. Ihò òfìfo ni wọ́n bá níbẹ̀. Kékeré kò nàka sí ẹnikẹ́ni. Ó mú mẹ́mórì mìíràn láti inú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó kì í bọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà náà sì tàn. Kíá, olùkọ́ àgbà ti fi èsì ìdánwò ránṣẹ́, ó ń gbàdúrà fún un.

Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. “Mẹ́mórì kò lẹ́sẹ̀. Ta ló wà níbí nígbà tí Kékeré jáde?”

“Ọ̀gá, èmi ò mọ nǹkan kan o. Bóyá ọmọ yìí ló gbé e sọnù.” Òógùn bo Ajíǹde. Nínú ìdààmú, ó fa áńkáṣíìfù yọ láti fi nu ojú, mẹ́mórì náà sì já bọ́ níwájú bàtà olùkọ́ àgbà. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

Kékeré ṣà á nílẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá, kí ni mo ṣe fún yín?”

Ajíǹde bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

“Fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀,” ni Ọ̀gá wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. “Àná ni mo ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù kejì. Mo gbé iṣẹ́ òní fún Kékeré kí n lè mọ̀ bóyá á lè dá dúró níbí nígbà tí o bá lọ.”

Ìyá Ajíǹde wá bẹ̀bẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ọ̀gá gbé àbúrò rẹ̀ dìde, ó ní, “Mo ti dárí ji ọmọ rẹ, ṣùgbọ́n mi ò lè fi nǹkan oníbàárà sí ìkáwọ́ rẹ̀ mọ́.” Ajíǹde kiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà nílùú. Bí ó bá ti ń wọlé báyìí, ìròyìn rẹ̀ ti jókòó dè é. Ìbòrí fóònù ni ó wá ń tà lábẹ́ agbòòrùn, tòun ti ọwọ́ tó mọṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ ṣọ́ra fún ìlara. Kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ohun tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un, nítorí pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ń mú un wò. Ìmọ́lẹ̀ ẹnìkejì kò pa tiwa. Bí ẹni tí a kọ́ níṣẹ́ bá mọ̀ ọ́n, ògo olùkọ́ ni. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú ọmọlàkejì rẹ̀, ibùjókòó ara rẹ̀ ni ó ń tì ṣubú.